Ṣé ó tọ́ bí wọ́n ṣe fi Florida State sílẹ̀ lọ́dún 2023?

@Adigun_ATL: Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Florida State, ẹgbẹ́ yunifásítì, kojú ẹgbẹ́ 13, wọ́n na gbogbo wọn, wọ́n gba ife ACC, ìyẹn líìgì tiwọn. Ní December 3, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 tó ń yan ẹgbẹ́ mẹ́rin tí yóò du ife gbogbo Amẹ́ríkà mú Michigan, Washington, Texas àti Alabama, wọ́n ní ẹsẹ̀ Jordan Travis, quarterback wọn (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), tó kán ti yí ẹgbẹ́ náà padà. Texas àti Alabama ti pàdánù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó tọ́?

@Tokunbo_TX: Ó tọ́. 63 sí 3 ni Georgia nà wọ́n ní Orange Bowl, eré ìparí sáà wọn. Ọ̀rọ̀ parí.

@Seminole_Egba: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọn tó gbá a ná. Keon Coleman, Johnny Wilson, Trey Benson, Jared Verse, kò sí ìkankan wọn lórí pápá. Rodemaker, quarterback kejì, ti ń wá iléèwé míì. December 30 nìyẹn. Ṣé òun lẹ fẹ́ fi ṣẹ̀rí ìpinnu December 3?

@IyaIbeji_Peckham: Mi ò tíì kà á tán. Àfẹsẹ̀gbá kẹ̀? Ṣebí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá!

@Bayo13: 13 nínú 13.

@Tokunbo_TX: Àbúrò, Brock Glenn tó gbá ti Georgia náà ló gbá àṣekágbá ACC. Ó ju bọ́ọ̀lù 21, 8 péré ni wọ́n rí hán, yáàdì 55 lápapọ̀. Bí quarterback ò bá lè jù ú jìnnà, alátakò á kó èèyàn 8 wá síwájú, ọ̀nà á dí mọ́ ẹni tó ń gbé e sá.

@Seminole_Egba: Síbẹ̀ wọ́n na Louisville 16 sí 6 nínú àṣekágbá náà! Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù láti àárín tààrà sọ́wọ́ Lawrance Toafili. Bí quarterback bá gbà á kó tó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó ti di òǹwòran, alátakò ti fi ẹnì kan pọ̀ jù wọ́n. Bí Toafili bá gbà á fúnra ẹ̀, iye wọn á dọ́gba. Ó sá yáàdì 118. Ta lẹ sì ń pè ní àbúrò?

@Kunle_DMV: Ìyá Ìbejì, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a o. Touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò, jẹ́ 6, ẹ fẹsẹ̀ gbá a wọlé lẹ́yìn ẹ̀, 1 sí i. Bí touchdown ò bá ṣeé ṣe, ẹ lè fẹsẹ̀ gba 3. Nínú 16 yẹn, 10 ló ti ẹsẹ̀ wá: 3 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti 1.

@IyaIbeji_Peckham: Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹyin ògòǹgò ló jọ lójú mi.

@Gbenga_Columbus: Ẹyin dínósọ̀ ni mà 😂

@Gbenga_Columbus: Ohio State ńkọ́, 2014? Cardale Jones ni quarterback kẹta, wọ́n na Wisconsin 59 sí 0, wọ́n wọlé, wọ́n gba ife.

@Tokunbo_TX: 59 lo pè yẹn. 16 kọ́. Seminole, bó o bá dàgbà jù mí, sọ ọdún tí wọ́n bí ẹ.

@Seminole_Egba: Ọjọ́ orí kọ́ là ń kà, eré là ń kà. LSU jẹ 45 sí 24 lọ́wọ́ wa. Clemson, 31 sí 24 nílé wọn, lẹ́yìn àfikún àsìkò.

@Tokunbo_TX: Travis ló gbá méjèèjì! Ohun tí mo ń sọ nìyẹn! Alabama ṣẹ̀ṣẹ̀ na Georgia 27 sí 24 lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ na Louisville.

@Bayo13: MO NÍ 13 NÍNÚ 13!

@Kunle_DMV: Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ 12 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2024 fi dáa. Ní 2023 ì bá ti tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

@Tokunbo_TX: 2024 tí Florida State jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá?

@Seminole_Egba: Kí ló kan 2024? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Alabama wọlé, kí ni Michigan fi wọ́n ṣe ní Rose Bowl, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá?

@Tokunbo_TX: 27 sí 20, lẹ́yìn àfikún àsìkò. Wọ́n bá a dé bèbè.

@Seminole_Egba: Wọ́n pàdánù.