Ṣé dandan ni kí ọrùn wú?

Ẹ sọ fẹ́nì kan tí awọ ara ń dà láàmú pé ó lè jẹ́ táírọ́ìdì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí ọrùn kíá. Bí kò bá ti bá gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀, ó tán, ó di kó pààrọ̀ ọṣẹ àti ìpara. Ibẹ̀ la ti ń ṣì í.

Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó rí bíi labalábá nísàlẹ̀ gògóńgò, lè máa da họ́mọ́ọ̀nù, èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, sẹ́jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọrùn má sì wú rárá. Awọ ara lè ti máa sọ ọ́. Ẹ bọ onítọ̀hún lọ́wọ́: ọwọ́ á gbóná, á máa làágùn, awọ rẹ̀ á rọ̀ bíi tọmọ tuntun. Irun orí á fẹ́lẹ́, á máa já wálẹ̀. Ara ẹlòmíràn á máa yún un látòkè délẹ̀ láìsí pé nǹkan kan sú sí i lára.

Ti èékánná ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Láti etí rẹ̀ níwájú ló ti ń ṣí kúrò lára ẹran abẹ́ rẹ̀, ìka tó tẹ̀ lé ìka tó kéré jù ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é. Ìdọ̀tí á wá há síbẹ̀. Ẹni tó ni ín á rò pé òun kì í fọwọ́ dáadáa ni, á máa ha á, á sì túbọ̀ máa ṣí.

Ní ti àwọn tó ní àìsàn Graves, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń ti táírọ́ìdì ṣe àṣejù, awọ ojúgun àwọn díẹ̀ nínú wọn máa ń nípọn, tí ihò irun á hàn bíi ti èèpo ọsàn. Ó lè yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú táírọ́ìdì tán pàápàá.

N kò ní gbogbo ara yíyún ni táírọ́ìdì o. Àmọ́ tí àyà bá tún ń lù kì-kì-kì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹ ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tí ẹ ń rù, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé táírọ́ìdì ló ń ṣe àṣejù, TSH, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, á ti lọ sílẹ̀, T3 tàbí T4, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń ṣe, á sì ti gòkè.

Biotin, fítámì tí ọ̀pọ̀ ń lò nítorí irun àti èékánná yìí kan náà, lè mú kí àyẹ̀wò ọ̀hún parọ́ pé táírọ́ìdì ń ṣe àṣejù. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó, kẹ́ ẹ sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ 2, ó kéré tán, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.