"Mà, ṣé ẹ ní rìsíìtì?"

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pa á mọ́ra pé mi ò ní dá sí i. Gbogbo yín lẹ ti rí ohun tí ọkùnrin kan kọ nípa pípín dúkìá tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, tí ẹ ń pín kiri: "Obìnrin tí kò ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ gbà nínú ilé?" Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi.

Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Ọdún 19 ló lò nílé ọkọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò ṣeé pa mọ́ mọ́, èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà ọ̀hún kì í ṣe èèyàn burúkú, ó rọra béèrè ni: "Mà, ṣé ẹ ní rìsíìtì?" Ọ̀rẹ́ mi ní òun ní. Ó fa páálí bàtà kan yọ nínú báàgì, ó wá ń to ìwé sórí tábìlì. Owó ilé ìwé. Oògùn ikọ́. Awò ojú àbíkẹ́yìn. Bàtà, bàtà, bàtà, àfi bíi pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ń lọ síbì kan. Òmíràn ti ṣá débi pé a ò rí nǹkan kan kà lórí ẹ̀ mọ́, ó ṣáà tò ó mọ́ ọn.

Lọ́yà wò ó títí. Ó ní, "Ti sìmẹ́ńtì ńkọ́?"

Ti sìmẹ́ńtì ò sí. Ọkọ ló ra sìmẹ́ńtì. Ọkọ ló ra irin, òun ló ra páànù, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lórí ìwé ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn ẹ̀ nìyẹn nígbà tí ìfẹ́ ṣì ń gbóná: "Ìwọ máa gbọ́ bùkátà inú ilé, kí èmi fi tèmi kọ́lé." Oṣù kan náà ni owó méjèèjì ń jáde. Ọ̀kan di ògiri, ògiri sì wà níbẹ̀. Èkejì di oúnjẹ, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ìjà wá dé, ẹni tí tiẹ̀ di ògiri ló ní ẹ̀rí. Ẹni tí tiẹ̀ wọ ikùn ni wọ́n ń bi pé kí ló mú wá.

Ká ní obìnrin yẹn ti ní kí oníkálukú máa bọ́ ara ẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé ilé yẹn á kúrò ní ìpìlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Obìnrin kan wà ní Alberta, ní Kánádà, Irene Murdoch lorúkọ ẹ̀. Òun àti ọkọ ẹ̀ ń sin màlúù. Bí oṣù 5 lọ́dọọdún ni ọkọ fi ń lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ìyàwó ló ń wa katakata, òun ló ń gé koríko, òun ló ń gún màlúù lábẹ́rẹ́, tó ń gé ìwo wọn, tó ń fi irin gbígbóná sàmì sí wọn lára. Nígbà tí wọ́n pínyà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìpín nínú ilẹ̀ náà. Ẹjọ́ ọ̀hún dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà. Ní 1973, adájọ́ 4 nínú 5 ní rárá, pé iṣẹ́ tí ìyàwó olóko màlúù èyíkéyìí ń ṣe náà ni tiẹ̀. Mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Torí pé gbogbo obìnrin ń ṣe é, kì í ṣe iṣẹ́ mọ́ nìyẹn! Bora Laskin nìkan ló yapa nínú wọn. Inú bí àwọn obìnrin ibẹ̀ débi pé ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn láti tún òfin ṣe, Alberta fúnra ẹ̀ ṣe tiẹ̀ ní 1978.

Ní Beijing ní 2021, kóòtù ní kí ọkọ kan san 50,000 yuan fún ìyàwó tó dá ṣiṣẹ́ ilé, tó dá tọ́jú ọmọ, fún bí ọdún 5. Mo ṣírò ẹ̀. Kò tó 1,000 yuan lóṣù. Ẹ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín kí n rí i.

Mo mọ èsì yín. Pé àwọn kan wà tó jẹ́ torí dúkìá ni wọ́n ṣe wọlé. Wọ́n wà. Pé ọkùnrin nìkan ni òfin ń rí mú. Irọ́ nìyẹn, láti 1979 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fagi lé òfin Alabama tó ní ọkọ nìkan ni kó máa san owó ìtọ́jú fún ẹnì kejì ẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yéé po owó ọmọ mọ́ owó ìyàwó. Ọmọ ló ni owó ọmọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Mo kọ ọ́ débí tán, ó ku kí n fi síta, ni mo rántí àbúrò mi ọkùnrin.

Ọdún kejì rèé tí tiẹ̀ náà tú ká. A mọ ìyà tó jẹ kí ilé yẹn tó dúró, kò tíì san gbèsè ẹ̀ tán dòní. Tí wọ́n bá ní kó pín in, mi ò mọ ibi tó ti máa rí i, torí náà ẹ má bi mí pé ìdajì ni àbí ìdá mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ wá bá ẹbí pé ó yẹ kí òun náà rí nǹkan mú lọ, ìyá wa dákẹ́. Èmi yìí kan náà ni mo là á mọ́lẹ̀: "Búlọ́ọ̀kù mélòó ló rà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ó gbé báàgì kan lé itan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀.