Fadá Á Lọ, Ilé-Ìwé Á Kù

Èrò ọkàn mi nìyí o, lórí bí a ṣe ń darí ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì wa. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́dún tó kọjá, mo yà sílé Fadá láti gba ìwé ìrìbọmi ọmọ àbúrò mi. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa ní nílùú Ọ̀yọ́ níbí, tí ọmọ mi méjì ń lọ, ni mò ń sọ. Màmá, bí a ṣe ń pe ọ̀gá náà, gbé ìwé kékeré kan lé itan, bírò wà láàárín rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, jókòó. Fadá ò tíì ti mítìn dé." Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí wàhálà. Wọ́n ṣí ìwé náà hàn mí: ṣọ́ọ̀kì páálí méjì, Izal gálọ́ọ̀nù kan, àgádágodo fún ilẹ̀kùn Pírámárì Méjì, owó iṣẹ́ ẹni tó tún ẹ̀rọ omi ṣe. Gbogbo rẹ̀ kò tó ₦20,000. Wọ́n ti wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún wá lọ́jọ́ Rú. Ìgbà kẹta nìyẹn. Àjẹkù ṣọ́ọ̀kì tí kò ju èékánná lọ ni wọ́n ní àwọn tíṣà ń fi kọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ tíṣà ló jókòó bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ owó ọkọ̀. Ó dùn mí. Èmi tí mò ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ákẹ̀sán, ọmọ tó ń bá mi tajà láṣẹ láti ra láílọ́ọ̀nù tí láílọ́ọ̀nù bá tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bú Fadá. Fadá wa ń gbìyànjú. Ìjọ ńlá kan nígboro àti mẹ́rin lábúlé ló wà lọ́rùn wọn. Àwọn ló ń ṣe Míísà, àwọn ló ń lọ kí aláìsàn, àwọn ló ń sin òkú, àwọn náà ló tún ń wa ọkọ̀ ara wọn. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì lé gbogbo rẹ̀ lórí. Bí a ṣe to ilé-ìwé yìí ni mò ń bá wí: ẹnì kan ṣoṣo ló ń buwọ́ lu sọ̀wédowó, ẹni náà ló ń gba tíṣà, ẹni náà ló ń pinnu ohun tá a máa kọ́. Tí Bíṣọ́ọ̀bù bá sì ti ka orúkọ àwọn Fadá tí wọ́n ń gbé lọ síbòmíràn, ó parí.

Fadá mẹ́ta ni mo ti rí láti ọjọ́ tí àkọ́bí mi ti wọ Nọ́sìrì. Èyí àkọ́kọ́ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Wọ́n bẹ̀ wá, a dáwó, wọ́n ra mẹ́fà. Wọ́n gbé Fadá náà lọ síbòmíràn kí wọ́n tó fa iná wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ní ògiri ọgbà ló kàn, nítorí àwọn ọmọ ìta ń fo wọlé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ògiri dé ìdajì, wọ́n gbé àwọn náà lọ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní gbọ̀ngàn ló yẹ ká kọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wọ ibi tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí. Tapólì ni wọ́n fi bò wọ́n. Mo ká a sókè, alángbá fò jáde, ẹyin funfun mẹ́ta sì wà láàárín àwọn bọ́tìnnì tí ọmọ ìbá máa tẹ̀. Mo rọra dá tapólì padà síbi tó wà.

Àwọn àgbà á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni láyé ijọ́un: Fadá ni mánìjà, ilé-ìwé sì dúró. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó ń san owó oṣù. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù kìíní ọdún 1955, owó ìjọba ni wọ́n fi ń san owó tíṣà nílé-ìwé ìjọ. Sístà tó sì ń kọ́ni ò béèrè owó ilé tàbí owó ọkọ̀. Mánìjà ò ní láti máa wá gbogbo owó oṣù kiri fúnra rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ìwé náà lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá rí "R.C.M." (Roman Catholic Mission) lára ògiri ilé-ìwé ìjọba, ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí ìjọ tún dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, owó táwa òbí ń san ló gbé e dúró. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 tó ní kí wọ́n máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ilé-ìwé ìjọba ló ṣe é fún.

Ìjọba náà ò sì jókòó. Ní 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Mákindé gorí àlééfà gan-an ló fagi lé ₦3,000 táwọn òbí ń san nílé-ìwé ìjọba. Ní báyìí, owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa jẹ́ ₦80,000. Ẹ ò ní fẹ́ kí n kọ iye tí tíṣà wa ń gbà síbí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ìjọba bá kéde pé òun ń gba tíṣà, kíláàsì wa méjì tàbí mẹ́ta a di ọmọ òrukàn. Ẹ̀sùn kọ́ ni mo fi kan àwọn tó lọ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere, tíṣà náà sì ní ọmọ tó ń bọ́.

Àwọn kan ní ojútùú ni pé kí ìjọba dá ilé-ìwé ìjọ padà fún wa bí ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe ní 2001, tí Anambra náà ṣe é nígbà Peter Obi. Kí wọ́n dá a padà, mo fara mọ́ ọn. Ta ni yóò darí rẹ̀? Ṣé orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n dá padà yóò ti máa jókòó?

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ìlú Ọ̀yọ́ la wà o! Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ló yí i ká: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìńni, Lágùnà, Akínikú, Aṣípa. Láyé àtijọ́, tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá gbé igbá òfìfo fún ọba, ó mọ ohun tó kàn. Àwọn baba wa rí i pé agbára tí kò ní ẹni tó ń bi í léèrè léwu, bó ti wù kí ẹni tó dì í mú jẹ́ èèyàn rere tó. Ẹnikẹ́ni ò ní kí a gbé igbá fún Fadá! Ṣùgbọ́n bí Aláàfin bá ní Ọ̀yọ́ Mèsì, kí ló dé tí ilé-ìwé ọmọ igba kò ní èèyàn méje?

Òfin Ìjọ gan-an kò ta ko èyí. Ìwé òfin Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1983, ẹsẹ̀ 537, sọ pé gbogbo pàríìṣì, ìyẹn ìjọ tí Fadá kan ń darí, gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó. Fún pàríìṣì ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí a má ṣe irú rẹ̀ fún ilé-ìwé?

Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ilé-ìwé ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, tí kò pa pọ̀ mọ́ owó igbá Sọ́ńdè. Kí ìgbìmọ̀ kan wà: òbí, ẹni tó ti jẹ́ tíṣà rí, ẹni tó mọ ìṣirò, Fadá láàárín wọn, kí wọ́n sì yàn wọ́n fún ọdún tó ní iye, tí ìgbélọ Fadá ò ní kàn wọ́n. Kí ọ̀gá ilé-ìwé ní owó kékeré lọ́wọ́ tó lè ná, kó sì kó rìsíìtì wá lópin oṣù. Gbígba tíṣà àti lílé tíṣà, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àdúrà, gbígba ara Olúwa àkọ́kọ́ àwọn ọmọ, ti Fadá ni, wọ́n á sì ráyè ṣe é dáadáa. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé kí wọ́n ka ìṣirò owó sétí wa nígbà mẹ́ta lọ́dún, lópin tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tó ṣì jẹ wá.

Ẹ má rò pé àlá mi nìyí. Àwọn Kátólíìkì Amẹ́ríkà ti rí ju ohun tá a rí yìí lọ. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Lónìí wọn ò pé mílíọ̀nù méjì. Lára ohun tó fà á ni pé Sístà dín kù, wọ́n sì ní láti máa san owó gidi fún tíṣà tó ní ìdílé. Ṣé kò jọ tiwa? Ní 2013, Ìjọ ní New York gbé àkóso ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ní Harlem àti Bronx, ládùúgbò àwọn tálákà, fún àjọ kan tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ilé-ìwé náà sì ń jẹ́ ilé-ìwé Kátólíìkì lọ. Ní Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, wọ́n tún gba ọ̀nà mìíràn: láti 1985 ni gbogbo ọmọ ìjọ ti ń dá owó láti ìdílé wọn, ọmọ ẹni tó bá ń kópa kò sì san owó ilé-ìwé. Mi ò ní ká kó ti Amẹ́ríkà wá bó ṣe rí. Owó ìkórè wa kò lè gbé ti Wichita, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fi pamọ́. Ọmọ ìjọ náà ń jalè. Ní P.T.A. wa, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ọdún kan wà tá a dáwó àga, tí akápò ní owó náà "wà nílẹ̀" títí tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ilẹ̀ tó wà. Kì í ṣe Fadá ló jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé gbígbé ìgbìmọ̀ dìde nìkan ti tó, kó wá bi mí léèrè nípa àga. A jókòó lórí èyí tó ti fọ́ fún ọdún méjì.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ ni mo rọ̀ mọ́. Tó bá sì ṣeé ṣe, kí àwọn ilé-ìwé ìjọ tó wà nílùú yìí pa owó pọ̀, kí wọ́n gba akápò kan tó kàwé rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n jọ máa ra ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń ra ẹ̀lùbọ́ ní àpò mẹ́wàá kì í san iye tí ẹni tó ra kọ́ńgò kan ń san.

Ìpàdé P.T.A. wa di Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Fadá ti ní àwọn máa wá. Mo ti bẹ Màmá pé kí wọ́n mú ìwé kékeré yẹn dání, kí wọ́n sì kà á sókè láti ojú ewé àkọ́kọ́.