Ẹ má ní kó lọ sùn torí pé àyà ò dùn ún

Àwòrán hát àtáàkì tá a mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó di àyà mú, ó ń ṣubú lọ. Irọ́ kọ́ o, kí àyà máa dunni bíi pé wọ́n gbé òkúta lé e ló wọ́pọ̀ jù, àtọkùnrin àtobìnrin. Àmọ́ ẹ wo obìnrin ogójì ọdún tó jí láàárọ̀ tí ẹ̀yìn ń ro ó láàárín ejìká méjèèjì, èébì ń gbé e, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń dùn ún bíi pé eyín ni, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn tútù bò ó. Ó dé ọsibítù, wọ́n ní sitírẹ́ẹ̀sì ni, kó lọ sùn. Bàbá tó wọlé tẹ̀lé e ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti ń lẹ wáyà ECG, ẹ̀rọ tó ń yẹ bí ọkàn ṣe ń lù wò, mọ́ ọn láyà.

Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2012, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan tí hát àtáàkì gbé dé ọsibítù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú 100 obìnrin, 42 ni àyà ò dùn rárá, tọkùnrin ò ju bíi 31 lọ. Èyí tó tiẹ̀ ká wa lára jù ni ti ọjọ́ orí, torí àwọn tí ò tíì pé 45 ni ìyàtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, bọ́jọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń dín kù, tó bá fi máa di 75 tọkùnrin tobìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àyà ò dun púpọ̀ nínú wọn mọ́. Ìyẹn ni pé obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, tẹ́nì kankan ò fura sí, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Àwọn dókítà kan á ní ṣé gbogbo ẹni tó bá ti ń bì làwọn á máa ṣe ECG fún ni? Ẹ̀yin ẹ ṣe é, ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà? Kẹ́ ẹ ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 10 tí aláìsàn bá dé, kẹ́ ẹ yẹ troponin wò nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó máa ń jáde tí iṣan ọkàn bá ti ń bà jẹ́, kẹ́ ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, torí ti àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn. Àwọn obìnrin náà sì rèé, wọ́n á ní ẹ jẹ́ káwọn kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ná, bẹ́ẹ̀ iṣan ọkàn ń kú lọ.

Bàbá inú àwòrán yẹn, a ò ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣáà ya ìyàwó ẹ̀ àtọmọ ẹ̀ obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.