Oògùn wárápá gbọ́dọ̀ wà nítòsí ní ilẹ̀ Òkun

Lọ́jọ́ ọjà kan ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀kan nínú wa lọ ra iṣu, ló bá rí ọmọbìnrin kan tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta gàrí, ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀. Làwọn èèyàn bá sá, wọ́n ní ẹni tí itọ́ yẹn bá kàn máa kó o. Ẹnì kan ti mú ṣíbí wá kó fi la eyín ẹ̀, ẹlòmíì ń pariwo pé kí wọ́n wá iná kí wọ́n fi jó o lẹ́sẹ̀. Ìyá oníṣu kan ló tú gèlè orí ẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ọmọ náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ó sì jókòó tì í. Nígbà tí ọmọ yẹn lajú, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fa ìró ẹ̀ bo ẹsẹ̀, torí ó ti tọ̀ sára.

Ìyá yẹn ló ṣe é bó ṣe yẹ. Wárápá kì í ranni rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ òdì fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà ò tètè sunkún nígbà tí wọ́n bí i ló fà á, tàbí àrùn yírùnyírùn, tàbí ibà tó gun orí, tàbí kéèyàn já bọ́ lórí ọ̀kadà láìdé akoto, èyí tó pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ tí ò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni o. Àgbo ìtọ̀ màálù àti ewé tábà tí wọ́n ń rọ ọmọ nítorí gìrì, ó ti pa ọmọ.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 50 ló ní wárápá láyé, àti pé ó lè tó 70 nínú 100 wọn tí wárápá ò ní máa gbé ṣánlẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Oògùn wárápá tó ń jẹ́ phenobarbital ti wà láti 1912, owó ẹ̀ ò sì wọ́n, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè máa fún aláìsàn. Kí ló wá dé tí ìyá ọmọ á fi kúrò ní Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin nítorí ẹ̀, tí owó mọ́tò á ju owó oògùn lọ? Tí owó mọ́tò bá tán, oògùn tán nìyẹn, ẹni tó bá sì dá oògùn wárápá dúró lójijì, àìsàn yẹn lè padà wá kó le ju ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tá a fẹ́ ò pọ̀. Kàbà/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà East, Yàgbà West àti Mopamuro, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé oògùn yìí sí àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé wọn, kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà wa, ẹ máa gbàdúrà fún wọn, àwa náà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí wọ́n da oògùn nù. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má lé ọmọ náà nílé ìwé.

Lóṣù tó ń bọ̀ a máa lọ sí àwọn ilé ìlera yìí, a máa béèrè oògùn wárápá bí ẹni tó ní ọmọ tó ń lò ó. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sí, a máa kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ síbí.