"Dear Oga Telo Mi"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wà nídìí tábìlì, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mò ń gé léèsì ìyàwó kan. Fóònù mi dún. N kì í wo fóònù tí mo bá ń gé léèsì, torí àṣìṣe kan péré, gbèsè ni. Ṣùgbọ́n ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, mo bá gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Àwòrán ọmọ iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀ ni mo rí, èyí tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ OLÈ sí i níwájú orí. Òyìnbó rẹpẹtẹ wà lábẹ́ rẹ̀: ó yáwó, ó sá lọ, ọlọ́pàá ń wá a, èmi tí mò ń kà á sì ni onídùúró rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò tíì dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Dear Oga Telo Mi."

Ẹ dákun, ta ló ń jẹ́ Ọ̀gá Télọ̀ Mi? Báńkì mi ò mọ orúkọ yẹn. Kò sí lára NIN mi. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń jẹ́ ẹ láyé yìí ni inú fóònù ọmọbìnrin yẹn. Ẹni tó kọ̀wé sí mi ti wọ inú fóònù rẹ̀, ó ti da gbogbo orúkọ ibẹ̀ sápò, kò tilẹ̀ ráyè tún wọn ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Èmi tí n kò yá kọ́bọ̀ lórí fóònù rí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ̀ pé mo máa ń da yín láàmú lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Wọ́n já tèmi gbà ní Ìwó Road nígbà kan. Olè yọ síìmù mi, ó kì í bọ fóònù tirẹ̀, kí n sì tó délé, ó ti fi kóòdù báńkì gbá àkáǹtì mi mọ́. Láti ọjọ́ yẹn lojú mi ti là. Síìmù mi ní PIN tirẹ̀ báyìí: ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè gbìyànjú rẹ̀, lẹ́yìn náà PUK, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ni síìmù máa béèrè. Mo fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà sí WhatsApp mi, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ má baà rí i gbé kódà tó bá rí kóòdù tí wọ́n fi SMS ránṣẹ́. Tí fóònù mi bá wà ní títì, ọ̀rọ̀ inú SMS kì í yọjú síta, torí mo ti rí ẹni tó dúró sẹ́yìn obìnrin kan nídìí POS tó ń ka OTP, kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́, lórí fóònù rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án.

Kí ni gbogbo rẹ̀ wá já sí? Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tèmi ò lanu o. Ti aládùúgbò ló lanu, aláǹgbá sì gba ibẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin, ọmọ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mọ́tò máṣíìnì rẹ̀ ló jó, ó sì ní iṣẹ́ oníṣẹ́ nílẹ̀. Ó béèrè ₦15,000 lórí áàpù kan. ₦9,600 ló wọlé, wọ́n ní ìyókù jẹ́ owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ₦15,000 náà ló gbọ́dọ̀ san padà láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ọjọ́ kẹfà! Gbèsè ò tíì pé, ẹ̀tẹ́ ti dé.

Pásítọ̀ rẹ̀ gba tirẹ̀. Ìyá tó ń ta òwú fún un láwìn gbà. Ọkùnrin kan tó fi pamọ́ sínú fóònù gẹ́gẹ́ bí "Má Gbé E" náà gbà, òun nìkan ló sì pè láti bi í bóyá kóun bá a san án. (Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kò sí nínú ohun tí mo wá sọ lónìí.) Ìwé kan wà tó lọ sọ́dọ̀ "Iya Oko Mi". Oṣù Kejìlá ni ìdána. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyá náà ò tíì pè é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sísàlẹ̀: ta ló ní kó yáwó? Ẹ máa wí. Ìran àwọn tó ń taṣọ ni mo ti wá, mo mọ ìtàn òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà á gbé aṣọ fún ọ láwìn, tọ́jọ́ bá pé tí o ò san, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ìtìjú náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló máa ń lóṣòó sí. Kì í lọ lóṣòó sílé ìyá ọkọ rẹ, kì í sì í sọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ di onídùúró àpàpàǹdodo.

Kì í sì í ṣe pé kò sófin. Lọ́dún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún iléeṣẹ́ ayánilówó kan nítorí irú ìwà yìí gan-an. Lóṣù Kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, àtàwọn mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Òpèbí, n'Íkẹjà. Òfin ààbò détà wa dòfin lóṣù Kẹfà ọdún 2023. Google pàápàá ti sọ pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, áàpù ayánilówó tó bá wà lórí Play Store kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà èèyàn tàbí fọ́tò rẹ̀ mọ́. Àwọn tó yá ọmọ yìí lówó wá kẹ̀yìn sí Play Store. Líǹkì ni wọ́n fi SMS ránṣẹ́ sí i. Fóònù tilẹ̀ kìlọ̀ fún un pé òun ò mọ ibi tí áàpù yìí ti wá. Ó ní kó máa wọlé bọ̀.

Mo gba fóònù náà. A wọ Settings, a wọ Privacy, a wá ibi tí wọ́n kọ Permission manager sí (orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí tiyín), a tẹ Contacts. Áàpù mẹ́tàdínlógún ló jókòó síbẹ̀. Áàpù tó ń tún ojú ṣe nínú fọ́tò wà níbẹ̀. Áàpù ayò wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì! Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà ìyá ọkọ èèyàn ṣe? Láti ọdún 2015 ni Android ti ń béèrè lọ́wọ́ wa kó tó jẹ́ kí áàpù wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwa náà sì ń tẹ Allow bí ẹni ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́. A pa gbogbo rẹ̀, a fi WhatsApp àti ìwé nọ́ńbà fóònù fúnra rẹ̀ sílẹ̀. A lọ sí kámẹ́rà, a lọ sí máìkì, a ṣe bákan náà. Áàpù ayánilówó ọ̀hún, a yọ ọ́ dànù.

Ó wò mí. "Ọ̀gá, ṣé wọn ò ní rí wọn mọ́ báyìí?"

Irọ́ ló wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Ọwọ́ wọn ni orúkọ wa wà báyìí, kì í ṣe inú fóònù rẹ̀ mọ́. Ohun tí a ṣe yẹn, ti ọjọ́ iwájú ni.

Ibi tí ẹjọ́ yìí ì bá parí sí nìyẹn, kí n máa bú àwọn olóríburúkú yẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá a lára yá, mo ní kó wo sítáì léèsì tí mò ń gé, mo ṣí Gallery mi, mo nà án sí i. Ó ń fi ìka wọ́ ọ lọ. Ó dúró. "Ọ̀gá, NIN ta nìyí?"

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ wa máa mú onídùúró méjì wá, onídùúró á sì ya fọ́tò NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. WhatsApp á gbé e sí Gallery, Gallery á gbé e lọ sí Google Photos. Mo kà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ, ojú, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà mọ́kànlá-mọ́kànlá, láàárín ọrùn ẹ̀wù àti fọ́tò ọmọ mi. Fóònù tí mo máa ń gbé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n fi wo sítáì! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN, ní nọ́ńbà àfirọ́pò tí í kú lẹ́yìn wákàtí 72, èyí tí wọn ì bá fún mi dípò ojúlówó. Èmi mọ̀. Mi ò sọ fún wọn rí, torí aláàga wa ò ní gbà á, àlàyé rẹ̀ á sì gùn.

Mo ti pa fọ́tò mẹ́rìndínlógún rẹ́. Aláàga kọ̀wé láàárọ̀ yìí pé kí n mú ìwé gbogbo onídùúró wá sípàdé ọjọ́ Sátidé, ayẹ̀wéwò ń bọ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo lọ wo Trash Google Photos, gbogbo àwọn mẹ́rìndínlógún ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní wọn máa lò níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo gbé ìka lé ibi tí mo ti lè lé wọn lọ lónìí, mo tún gbé e kúrò.