Wúrà Tí Yóò Dán, Á La Iná Kọjá

Ẹni tó bá gbé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò gbọdọ̀ ṣi òwe yìí lò, nítorí wúrà wà nílẹ̀ wa. Ní Ìtagúnmódì, ní Igun, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á bu iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á máa fi omi yí i títí ẹrẹ̀ yóò fi ṣàn lọ. Iyanrìn dúdú ni yóò kù nísàlẹ̀ abọ́, pẹ̀lú èérún kékeré kan tó ń kọ mànà. (Odò wa ti jìyà iṣẹ́ yìí. Omi tó mọ́ gaara nígbà kan ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ní ibi púpọ̀, ó sì ń dùn mí.) Alágbẹ̀dẹ wúrà ló máa wá gbé èérún náà sórí iná. Kì í sì í gbé e síbẹ̀ kó bá tirẹ̀ lọ: ó jókòó tì í, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Wòlíì Málákì lo ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún Olúwa, pé yóò jókòó bí ẹni tí ń yọ́ fàdákà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: iná kọ́ ló sọ wúrà di wúrà. Láti inú ẹrẹ̀ ló ti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìyà kọ́ ni Kristẹni fi ń ra ojúrere Ọlọ́run, ìyà kò sì túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni òwe yìí yẹ? Mo bá wọn lọ kí ìyá kan lẹ́yìn Ọjà Atákúnmọ́sà, ọmọ rẹ̀ ló kú. Ilé kún. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, gbogbo ẹnu ló ń kí i. Ni bàbá kan nínú ìjọ bá sọ pé, "Ìyá, wúrà ni yín, ẹ máa dán." Ìyá náà kò gbójú sókè. Etí ìró rẹ̀ ló ń ká pọ̀, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Bàbá yẹn kò ní in ní ibi, àmọ́ ẹni tí ọ̀ràn kàn ló mọ̀. Ẹni tó dúró síta kò yẹ kó máa sọ fún ẹni tó wà nínú iná pé iná dára.

Jóòbù ló sọ irú òwe yìí nínú Bíbélì, ẹ sì wo ibi tó ti sọ ọ́. Orí kẹtàlélógún ni. Ó ní òun lọ síwájú, Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Òun padà sẹ́yìn, òun kò róye rẹ̀. Ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, òun kò rí i. Ẹni tó ń wá Ọlọ́run tí kò rí i ló wá sọ pé: "Ṣùgbọ́n òun mọ ọ̀nà tí èmi ń tọ̀, nígbà tí ó bá dán mi wò, èmi ó jáde bí wúrà." Kò sọ pé òun mọ ìdí. Títí ìwé náà fi parí, Ọlọ́run kò sọ ìdí fún un. Ó gbà pé ẹni tí òun kò rí ń rí òun, ibẹ̀ ló sì fẹ̀yìn tì. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí mo mọ̀ nìyẹn. Ó fàyè gba ẹkún, ó fàyè gba ìbéèrè pẹ̀lú ohùn rara lórí eékún.

A fẹ́ràn ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ CAC, níhìn-ín, nítorí a mọ ibi tó já sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, rólà tó ń wà láti fi tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ dákẹ́, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìpè. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè nílùú Iléṣà yìí, èrò ń wọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dúró ti rólà tó dákẹ́ kò rí èrò kankan lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìsọjí náà sì ni ẹ̀wọ̀n Benin dé, ní 1932. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé lẹ́yìn iná kan, kò tún sí òmíràn mọ́.

Ohun kan ṣì wà tó ń ká mi lára. Kì í ṣe gbogbo iná ni Ọlọ́run dá. Bí ọkọ bá ń lù ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ ni, jáde níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ń ru, lọ sí ilé ìwòsàn Wesley, kí o sì lo oògùn tí wọ́n bá fún ọ, àìnígbàgbọ́ kọ́. Jósẹ́fù inú Bíbélì sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé Ọlọ́run rò ó sí rere, àmọ́ kò pa á mọ́ fún wọn pé ibi ni àwọn rò sí òun.

Nígbà tí ara Jóòbù rọ̀, àwọn ará àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ wá bá a jẹun nílé, wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, oníkálùkù sì mú owó àti òrùka wúrà wá fún un. Ẹni tó bá ń lọ sílé ìyá yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá mi gbé iṣu dání, kí ẹ gún un níbẹ̀, kí ẹ bá a jẹ ẹ́. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ tó kù ti tó san. Bí ìyá bá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúrà, ẹ ṣe àmín.